Oògùn Dé Ìjòkó, Òfin Rẹ̀ Kù Sẹ́yìn

Kápúsù kan wà tí ìdajì rẹ̀ pupa tí ìdajì kejì sì jẹ́ yẹ́lò, tí àwọn àgbà agbègbè Ọ̀tà mọ̀ ju orúkọ dókítà tí ó kọ́kọ́ fún wọn lọ. Nítorí pé bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ gún àfọ́kù ìgò lẹ́bàá ojú irin, ìyá rẹ̀ a fi omi gbígbóná fọ egbò náà, a tú kápúsù kan láti etí aṣọ rẹ̀, a fi èékánná ya á sí méjì, a sì bu ìyẹ̀fun inú rẹ̀ wọ́n ojú egbò bí ẹni ń bu iyọ̀ wọ́n ẹran. Bí inú bá sì run baba ọmọ náà lóru, méjì nínú kápúsù kan náà ni yóò fi omi gbé mì. Tẹtirasáíkílìnì ni orúkọ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Kì í ṣe oògùn egbò nìkan, kì í sì ṣe oògùn inú rírun nìkan. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn oògùn apakòkòrò tí ó ti gba ẹ̀mí àìmọye ènìyàn là láàárín ọgọ́rin ọdún sí àkókò yìí. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ó wọ àárín wa láìsí òfin kankan lára rẹ̀, ó sì wọ àárín àwọn ènìyàn tí kò sí oògùn kan tí wọn kò fi òfin dì tẹ́lẹ̀.

Ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ọmọ Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre, ẹni tí ìtàn sọ pé ó tẹ̀lé àwo lójú odò Ògùn títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ̀rì. Ilẹ̀ Ọ̀tà ni Ìjòkó wà, ní ibi tí igbó ti sún mọ́ ilé nígbà náà tí ewé kò sì wọ́n. Àwọn ọmọ Ọ̀sanyìn, ẹlẹ́sẹ̀ kan tí ó ni gbogbo ewé, kì í já ewé kí wọ́n sì gbé e lé aláìsàn lọ́wọ́ kí wọ́n máa lọ. Ẹni tí ó bá se àgbo ibà mọ iye ife tí ọmọdé ń mu àti èyí tí àgbà ń mu, ó mọ iye ìgbà tí a ń tún ìkòkò gbé kaná lójúmọ́ kí ó má baà kan, ó mọ iye ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ dín. Bí ó bá sì wí fún aláìsàn pé kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan epo títí di ọjọ́ keje, kò sí ẹni tí í bi í léèrè ìdí rẹ̀. N kò sọ pé gbogbo èèwọ̀ wọ̀nyí ni ó ní ìdí. Òmíràn nínú wọn kò ju ọgbọ́n tí oníṣègùn fi ń bo àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe asán ni gbogbo rẹ̀. Orin ata tí àwọn baba wa ń run láàárọ̀, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ifẹ̀, El-Said, Fadulu, Kuye àti Sofowora, gbé e àti àwọn orin mìíràn wọ ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1971 pé omi ara wọn ń dá kòkòrò àìfojúrí dúró.

Ojú irin ni ó kọ́kọ́ já Ìjòkó pọ̀ mọ́ ayé òyìnbó. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìdó. Irin náà la ilẹ̀ Ọ̀tà kọjá sí Abẹ́òkúta, ó sì wọ Ìbàdàn ní 1901. Ní ọdún 1896 yẹn kan náà ni dókítà ará Faransé kan, Widal, kéde ní Páríìsì pé òun ti rí ọ̀nà tí a fi lè wo ẹ̀jẹ̀ kí a sì mọ ẹni tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun, táífọ́ọ̀dù, ń dà láàmú. Ọ̀rọ̀ Widal yìí yóò padà bá wa ní Ìjòkó láìpẹ́. Ní Èkó ẹ̀wẹ̀, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bailey ti ṣí ilé ìtajà oògùn sí òpópónà Balógun láti 1887, nígbà tí ó sì di 1927 a dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn apòògùn sílẹ̀ ní Yábàá. Bí oògùn òyìnbó ti ń bọ̀, ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ náà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ oògùn yá ju ẹsẹ̀ apòògùn lọ.

Apakòkòrò fúnra rẹ̀ kò tíì sí láyé nígbà tí a tẹ́ ojú irin. Ní 1928 ni Alexander Fleming rí i ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù pé èbu kan tí ó hù sínú àwo rẹ̀ ti pa àwọn kòkòrò tí ó wà nítòsí rẹ̀; ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ sì kọjá kí Florey, Chain àti Heatley ní Oxford tó rí i fà yọ ní oògùn. Ọlọ́pàá kan, Albert Alexander, ni wọ́n kọ́kọ́ fi wo ní Oxford ní oṣù Èrèlé 1941, ẹni tí egbò ti bo ojú àti orí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibà rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó jẹun, gbogbo ilé ìwòsàn sì yọ̀. Ṣùgbọ́n pẹnisílíìnì tí ó wà ní gbogbo ayé nígbà náà kò tó fún ènìyàn kan ṣoṣo. Wọ́n tilẹ̀ ń gba ìtọ̀ ọkùnrin náà padà láti tún yọ oògùn inú rẹ̀. Oògùn tán, àrùn kò tán. Ó sì kú ní oṣù Ẹrẹ́nà. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni àkọ́kọ́ yìí, àìsí ni ó pa á. Fleming mọ̀ pé nígbà tí oògùn bá pọ̀ dé ọjà, àwọn tí yóò tẹ̀lé e yóò máa kú nítorí pé wọ́n fúnra wọn dá a dúró ní ìdajì. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1945, níbi tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní Stockholm, ó kìlọ̀ pé ẹni tí kò mọ̀ yóò ra pẹnisílíìnì ní ọjà, yóò lo èyí tí kò tó, yóò sì kọ́ kòkòrò bí a ti ń dojú ìjà kọ oògùn.

Ìkìlọ̀ yẹn kò wọ ojú irin dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí ó dé ni iṣẹ́ ìyanu. Ní àárín àwọn ọdún 1950, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF bá ìjọba Nàìjíríà gbógun ti àrùn gbòdògì, tí í fi egbò ṣe ara ọmọdé báṣubàṣu, pàápàá ní apá Ìlà Oòrùn; abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì kan ṣoṣo sì tó fún ọ̀pọ̀ ọmọ kí egbò tó gbẹ. Ta ni ó rí èyí tí kò ní gba abẹ́rẹ́ gbọ́? Nígbà tí tẹtirasáíkílìnì tún dé, láti ìdílé oògùn tí Duggar rí àkọ́bí rẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀ Missouri tí a sì kéde rẹ̀ ní 1948, ohun tí àwọn ènìyàn rò ni pé agbára abẹ́rẹ́ náà ni a ti dì sínú kápúsù, tí olówó àti tálákà sì lè rà ní ẹyọ. Àwọn oníṣòwò ń kó o láti ọjà Ìdúmọ̀tà ní Èkó. Ojú irin wà, mọ́tò wà, àpò nìkan ni ó kù.

Òfin kò sí lára oògùn náà ni mo sọ, kì í ṣe pé kò sí nínú ìwé ìjọba. Láti ayé àwọn òyìnbó ni a ti ń fún àwọn tí kì í ṣe apòògùn ní ìwé àṣẹ láti ta oògùn orí fífọ́ àti oògùn ikọ́ tí ilé iṣẹ́ ti dì tì. Àwọn ni a ń pè ní oníkẹ́míìsì títí di òní. Apakòkòrò kò sí nínú ohun tí ìwé náà fún wọn láṣẹ láti tà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kẹ́míìsì kan ní Ìjòkó ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń bọ̀ láti Èkó àti láti àwọn ilé iṣẹ́ Ṣàngó-Ọ̀tà. Obìnrin kan á bọ́ sí iwájú káńtà, á ní, “Bọ̀dá, ara ń ro mí, ọ̀fun ń dùn mí, ẹ bá mi ko nǹkan pọ̀.” Ọmọkùnrin náà kò ní bi í bóyá ó lóyún. Á fi sísọ́ọ̀sì gé ẹyọ Ampiclox mẹ́rin lára páálí, á fi Fílájì méjì sí i, á fi paracetamol àti kóró funfun kékeré kan tí kò dárúkọ kún un, á dà wọ́n sínú náílọ́ọ̀nù, á sì wí pé kí ó lò ó ní àárọ̀ àti alẹ́. Orúkọ oògùn àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kù sára páálí tí ó wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Oníṣègùn tí kò mọ̀wé ìbá ti wí fún un pé kí ó má ṣe jẹ èyí, kí ó má ṣe mu tọ̀hún.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kápúsù wọ̀nyí ní èèwọ̀, èèwọ̀ tí ó sì ní ìdí ni. Ẹni tí ó bá fi mílíìkì lé tẹtirasáíkílìnì, mílíìkì náà yóò dè é mọ́lẹ̀ nínú ikùn, kò ní wọ ẹ̀jẹ̀ tó bí ó ti yẹ. Aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kì í lò ó, nítorí yóò ba àwọ̀ eyín ọmọ jẹ́ títí ayé. Èyí tí ó ti bàjẹ́ tí a sì tọ́jú sínú dúrọ́ọ̀ ti ba kíndìnrín ènìyàn jẹ́ rí. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ pẹnisílíìnì lè tipa Ampiclox, tí ó wá láti ìdílé pẹnisílíìnì, kú kí ọkọ̀ tó gbé e dé Ọ̀tà. Fílájì àti ọtí kì í jọ gbé inú. Fún ọ̀fìnkìn, gbogbo wọn kò wúlò rárá. Iye ọjọ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ agídí: àwọn dókítà ti ń ké e kúrú fún àwọn àrùn kan lóde òní, ṣùgbọ́n dókítà ni ó ń ké e, lẹ́yìn tí ó ti mọ irú kòkòrò tí ó ń bá jà, kì í ṣe aláìsàn tí ara rẹ̀ fúyẹ́ ní ọjọ́ kejì tí ó sì fẹ́ fi èyí tí ó kù pamọ́ fún àbúrò rẹ̀.

Ibi mímọ irú kòkòrò yìí ni Widal ti padà dé. Àyẹ̀wò rẹ̀, tí ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún, ni ọ̀pọ̀ láàbù kéékèèké ń ṣe fún ẹnikẹ́ni tí ara bá ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ sì ti ń wí tipẹ́ pé ní ilẹ̀ tí táífọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá lè fún un lésì pé ó wà. Ìdí nìyí tí ó fi dà bí ẹni pé gbogbo wa ni táífọ́ọ̀dù ń ṣe. Fún táífọ́ọ̀dù gan-an, klóráńfẹ́níkò ni oògùn tí ayé yọ̀ mọ́ ní 1948; nígbà tí ó fi di 1972, àjàkálẹ̀ táífọ́ọ̀dù jà ní Mẹ́síkò, oògùn náà kò sì ran kòkòrò rẹ̀ mọ́.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀dọ̀ wa ni a ti ń ṣe oògùn. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, ilé iṣẹ́ kún Àgbárá àti Ọ̀tà. Àgbárá ni wọ́n ti ń ṣe oògùn Beecham nígbà náà, ilé iṣẹ́ tí ó padà di GlaxoSmithKline. Fidson àti Drugfield sì wà ní Ṣàngó-Ọ̀tà, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ìjọba dá NAFDAC, àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ àti oògùn, sílẹ̀ ní 1993, ó sì gbé ètò orílẹ̀-èdè jáde ní 2017 láti dènà kí kòkòrò má baà borí oògùn. Ní ayé lápapọ̀, ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé ìborí yìí ló pa ènìyàn 1.27 mílíọ̀nù ní 2019. Òṣìṣẹ́ tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ di páálí oògùn ní ilé iṣẹ́, tí ìwé ìlò rẹ̀ wà nínú páálí náà ní kíkún, lè sọ̀kalẹ̀ ní Ìjòkó ní alẹ́ kí ó sì ra ẹyọ mẹ́rin nínú náílọ́ọ̀nù.

Ní oṣù Ògún 2023, GlaxoSmithKline kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà. Láàárín oṣù mélòó kan, owó àwọn apakòkòrò bí Augmentin àti Ampiclox fò sókè ju ọwọ́ òṣìṣẹ́ lọ. Ẹni tí ó ń ra ẹyọ mẹ́rin tẹ́lẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kò tó, ó mọ̀ nísinsìnyí, nítorí dókítà ti kọ ọjọ́ méje sínú ìwé fún un. Ẹyọ mẹ́rin náà ni ó sì tún rà, nítorí pé owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.