Ẹnu Ẹyẹ Ní í Pa Ẹyẹ: Ìtàn Oúnjẹ Tí A Fi Ń Dá Kòkòrò Àrùn Mọ̀

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ọ̀rọ̀ sísọ ni àwọn àgbà ní lọ́kàn tí wọ́n fi pa òwe yìí, ṣùgbọ́n bí a bá yí i sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ jíjẹ, ó bá ìtàn kòkòrò àrùn mu gẹ́gẹ́. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí a ń pè ní bakitéríà, pọ̀ níye, ṣùgbọ́n oríṣi ìrísí wọn kò pọ̀. Òmíràn rí roboto bí ilẹ̀kẹ̀, òmíràn gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, òmíràn sì lọ́ bí okùn tí a ká. Nínú àwọn tí ó rí bí igi ìṣáná, ọ̀kan lè jẹ́ apànìyàn, kí èkejì sì jẹ́ èyí tí ń gbé inú ìfun ẹni láti kékeré títí di ọjọ́ alẹ́ láìṣe ẹni ní ibi kan. Bí a bá gbé àwọn méjèèjì sábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, agbára káká ni ojú fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Oúnjẹ ni ó tú wọn fó. Bí àwọn onímọ̀ ṣe kọ́ láti se oúnjẹ tí kòkòrò yóò fi jẹ́wọ́ ara rẹ̀, àti ohun tí ìjẹ́wọ́ náà ná àwọn ẹlòmíràn, ni ìtàn yìí dá lé lórí.

Kì í ṣe pé ènìyàn kò tètè rí àwọn kòkòrò wọ̀nyí. Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ kan ní ìlú Delft ní ilẹ̀ Họ́láǹdì, ti fi awò tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe rí wọn, ó sì kọ ìwé ránṣẹ́ nípa wọn sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1676. Ṣùgbọ́n rírí kì í ṣe mímọ̀. Ó tó igba ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó mọ̀ dájú pé irú kòkòrò báyìí ní í fa ọ̀pọ̀ àrùn. Louis Pasteur ní ilẹ̀ Faransé a máa sin wọ́n nínú omi ọbẹ̀ tí kò ní èérí. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé nínú omi, gbogbo kòkòrò a máa dà pọ̀ mọ́ ara wọn bí èrò ọjà. Bí oríṣi mẹ́wàá bá bọ́ sínú ìgò kan náà, ta ni yóò sọ èyí tí ó fa àrùn nínú wọn?

Robert Koch, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó wá ojútùú sí ìṣòro yìí. Ó ṣàkíyèsí pé lórí ẹ̀là ànàmọ́ òyìnbó tí a ti bọ̀, kòkòrò kọ̀ọ̀kan a máa bí sí i ní ojú kan, títí tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi di agbo kékeré tí ojú lásán lè rí. Níwọ̀n bí agbo náà ti ti ara ìyá kan ṣoṣo jáde, kò sí àjèjì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo kòkòrò ni ó fẹ́ràn ànàmọ́. Nítorí náà ni Koch ṣe da jẹ́látìn, tí a ń rí lára egungun àti awọ ẹran, mọ́ omi ọbẹ̀ kí ó lè dì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1881, ó fi ọ̀nà yìí han àwọn oníṣègùn àgbáyé tí wọ́n péjọ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Bí ó ti wù kí ó rí, jẹ́látìn ní àbùkù méjì. Ìkíní ni pé kì í lè gba ooru ara ènìyàn, èyí tí í ṣe ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí wọ́n bá gbé e sí irú ooru bẹ́ẹ̀, yíyọ́ ni yóò yọ́, bẹ́ẹ̀ ni ooru náà gan-an ni ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn fẹ́ràn. Ìkejì ni pé àwọn kòkòrò kan a máa jẹ jẹ́látìn fúnra rẹ̀ títí tí yóò fi di omi. Walther Hesse, oníṣègùn kan tí ó lọ bá Koch ṣiṣẹ́ ní Berlin, ń ka kòkòrò inú afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀ ń yọ́ dànù.

Inú ilé ìdáná ni ìdáhùn ti wá. Fanny Angelina Hesse, aya oníṣègùn yìí, tí a bí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1850, ni ó ń ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, òun náà ni ó sì ń ya àwòrán inú ìwé rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń fi ágà, ohun kan tí a ń sè jáde lára koríko inú òkun, mú kí èso tí ó bá sè pẹ̀lú ṣúgà dì. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti gbé erékùṣù Java rí ni wọ́n kọ́ ìdílé rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ráhùn, ó ní kí ó fi ágà dán an wò. Ágà kì í yọ́ àfi bí ooru bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti omi tí ń hó. Bí ó bá sì tutù, a dì bí ẹ̀kọ, ìwọ̀nba kòkòrò díẹ̀ ni ó sì lè jẹ ẹ́. Ní ọdún 1882, nínú ìwé tí Koch kọ láti kéde kòkòrò tí ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó mẹ́nu kan ágà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ aya Hesse tàbí ọkọ rẹ̀. Fanny Hesse kú ní ọdún 1934. Títí di òní, kò sí yàrá àyẹ̀wò kòkòrò tí kì í lo ohun tí ó mú wá láti ibi ìkòkò rẹ̀. Ní ọdún 1887, Julius Richard Petri tí òun náà ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Koch ṣe àwo pẹlẹbẹ onídèérí tí wọ́n ń da ágà sí, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe àwo náà.

Oúnjẹ wà, àwo wà, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ibà taifọ́ọ̀dù ṣì le. Karl Joseph Eberth rí kòkòrò rẹ̀ ní ọdún 1880, Georg Gaffky sì sin ín ní ọdún 1884. Ní ọdún 1885 ni Theodor Escherich ṣe àpèjúwe kòkòrò mìíràn tí ó rí nínú ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́, èyí tí a wá mọ̀ sí coli. Àwọn méjèèjì rí bí igi ìṣáná, àwọn méjèèjì ń rìn, aró tí Hans Christian Gram fi ń pín kòkòrò sí ọ̀wọ́ méjì kò sì yà wọ́n. Nínú ìgbẹ́ aláìsàn, coli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè pọ̀ lọ jọjọ ju kòkòrò taifọ́ọ̀dù lọ. Bí ẹni tí ń wá olè kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún olóòótọ́ tí wọ́n wọ aṣọ kan náà ni ọ̀ràn náà rí. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ ni àrùn náà ń bá wọ inú omi àti oúnjẹ àwọn ẹlòmíràn.

Ibi yìí ni ọgbọ́n tuntun ti dé. Dípò kí wọ́n máa se oúnjẹ tí yóò tẹ́ gbogbo kòkòrò lọ́rùn, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í se èyí tí yóò lé àwọn kan, tí yóò sì mú kí àwọn tí ó kù fi ìwà wọn hàn. Iṣẹ́ ìkíní ni a lè pe oúnjẹ tí ń ṣe é ní oúnjẹ aṣàyàn, èyí tí ń ṣe iṣẹ́ ìkejì sì ni oúnjẹ aṣèyàtọ̀. Ní ọdún 1902, Wilhelm von Drigalski àti Heinrich Conradi ní ilẹ̀ Jámánì pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ sínú àwo kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alfred Theodore MacConkey ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Liverpool ní nǹkan bí ọdún 1900, nígbà tí ìjọba ń ṣe ìwádìí nípa omi ẹ̀gbin àti ọ̀nà tí a lè gbà dà á nù. Ní ọdún 1905 ni ó tẹ ìwé tí ó mú kí oúnjẹ rẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká.

Bí oúnjẹ MacConkey ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lọ́jú pọ̀. Iyọ̀ òróòro ni oníbodè rẹ̀. Kòkòrò tí ó ti mọ́ra láti máa gbé inú ìfun, níbi tí òróòro ti ń ṣàn, kò bìkítà fún un, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbé ara awọ tàbí inú afẹ́fẹ́ kò lè dàgbà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ṣúgà inú wàrà. Coli a máa jẹ ṣúgà yìí, bí ó bá sì ti jẹ ẹ́, ibi tí ó wà a kan, gẹ́gẹ́ bí omi ògì ti í kan bí ó bá pẹ́ nílẹ̀. Kòkòrò taifọ́ọ̀dù kì í fi ẹnu kàn án. Aró tí ń di pupa níbi tí ohun kíkan bá wà ni ẹlẹ́rìí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, agbo coli a ti pọ́n rúsúrúsú, ti taifọ́ọ̀dù kò sì ní ní àwọ̀ kankan. Ohun tí coli jẹ ni ó tú u fó, ohun tí èkejì kọ̀ láti jẹ ni ó tú òun náà fó.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé àwọ̀ nìkan ti parí ẹjọ́. Kòkòrò mìíràn wà tí kì í jẹ ṣúgà inú wàrà, títí kan àwọn tí ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Àwo náà ń fi ẹni tí a lè fura sí hàn ni. Àyẹ̀wò mìíràn ni yóò fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀.

Ìmọ̀ yìí mú ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò retí jáde. Láti ọdún 1902 ni Koch ti darí ogun sí ibà taifọ́ọ̀dù ní agbègbè Trier, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Jámánì. Kì í ṣe ìgbẹ́ aláìsàn nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n yẹ ti àwọn ará ilé wọn wò pẹ̀lú. Wọ́n sì rí i pé àwọn kan tí ara wọn le koko ń gbé kòkòrò náà kiri. A mọ̀ lónìí pé inú àpò òróòro ni kòkòrò taifọ́ọ̀dù sábà máa ń fara pa mọ́ sí lára irú àwọn agbárùnkiri bẹ́ẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Agbárùnkiri tí ayé mọ̀ jù ni Mary Mallon, alásè kan tí a bí ní ilẹ̀ Áílándì ní ọdún 1869, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú New York. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1906, ènìyàn 6 nínú 11 tí ń gbé ilé kan ní Oyster Bay dùbúlẹ̀ àrùn taifọ́ọ̀dù. George Soper, tí wọ́n bẹ̀ láti wádìí ọ̀ràn náà, tọ ipasẹ̀ alásè yìí, ó sì rí i pé àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé tí ó ti ṣiṣẹ́ rí. Ní oṣù kẹta ọdún 1907, wọ́n fi ọlọ́pàá mú un. Nínú ìgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò nígbà 163, wọ́n rí kòkòrò náà nígbà 120. Mary kò gbà. Ó ní òun kò ṣàìsàn taifọ́ọ̀dù rí, ìgbẹ́ tí ó sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò mìíràn fúnra rẹ̀ kò fi kòkòrò hàn. Ta ni yóò tètè gbà pé òun ń pa ènìyàn nígbà tí ara òun dá ṣáṣá? Ní ọdún 1909 ó pe ìjọba lẹ́jọ́, ó sì jẹ̀bi.

Wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1910 lẹ́yìn tí ó ṣèlérí pé òun kò ní dáná fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ń mú owó wá fún un ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Ní ọdún 1915, wọ́n bá a ní ilé ìdáná ilé ìwòsàn àwọn obìnrin kan, níbi tí ó ti ń jẹ́ orúkọ mìíràn. Ènìyàn 25 ti kó àrùn náà, 2 sì ti kú. Wọ́n dá a padà sí erékùṣù North Brother, ibẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 1938. Nígbà náà, àwọn agbárùnkiri tí ìlú New York ti mọ̀ ju 400 lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn nínú wọn tí a há mọ́ títí ọjọ́ ikú bí ti rẹ̀. Òtítọ́ ni pé ó rú ẹ̀jẹ́ rẹ̀, òtítọ́ sì tún ni pé obìnrin ni, àlejò ni, òṣìṣẹ́ ni. Àwo lè sọ irú kòkòrò tí ó wà lára ènìyàn. Kò lè sọ bí ó ti yẹ kí a ṣe olúwa rẹ̀.

Ọgbọ́n náà kò dúró sójú kan. Ní ọdún 1945, George Chapman fi iyọ̀ púpọ̀ ṣe oníbodè, kí ó lè rí kòkòrò roboto tí ń fa eéwo. Ní ọdún 1965, Welton Taylor, onímọ̀ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, se oúnjẹ XLD, lórí èyí tí ọ̀pọ̀ nínú ìran kòkòrò taifọ́ọ̀dù ń yọ pupa pẹ̀lú dúdú láàárín, tí coli sì ń di òféèfèé bí ìyeyè.

Ọ̀ràn yìí kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa, àyẹ̀wò Widal, tí a ti mọ̀ láti ọdún 1896, ni wọ́n fi ń sọ fún aláìsàn pé taifọ́ọ̀dù ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yìí kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun ìjà tí ara fi ń bá kòkòrò jà ni ó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, ohun ìjà náà sì lè jẹ́ ti ogun àtijọ́, tàbí ti àjẹsára, tàbí ti kòkòrò mìíràn. Báyìí ni ẹni tí ibà ẹ̀fọn ń yọ lẹ́nu ṣe lè máa gbé oògùn taifọ́ọ̀dù mì, kí àìsàn rẹ̀ gan-an sì máa le sí i. Láti fi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sin kòkòrò, kí a sì gbé e lọ sórí oúnjẹ MacConkey, a máa gba ọjọ́ díẹ̀, ó sì ń béèrè owó àti iná mànàmáná. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó ń ṣàṣeyọrí, pàápàá bí aláìsàn bá ti lo oògùn kí ó tó dé. Síbẹ̀, bí kòkòrò bá hù, òun fúnra rẹ̀ ni a mú, a sì lè dán oògùn wò lára rẹ̀ kí a tó fún aláìsàn.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ oníṣègùn wà nínú iṣẹ́ yìí, ti ìyàwó ilé wà níbẹ̀, ti àwọn aládùúgbò tí ó ti Java dé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa kòkòrò àìfojúrí, kí ó má ṣe gbàgbé láti sọ fún wọn pé ibi ìdáná ni ágà ti wá, kí ó sì sọ fún wọn bí ó ti rí fún Mary Mallon pẹ̀lú.