Winamp: Ẹ̀dà Kẹta Tí Àwọn Oǹlò Kọ̀

Nínú ìtàn àwọn sọ́fítíwià tí a fi ń gbọ́ orin lórí kọ̀ǹpútà, kò wọ́pọ̀ kí àwọn oǹlò, ìyẹn àwọn tó ń fi sọ́fítíwià náà ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, mú kí iléeṣẹ́ tó ṣe é yí ìpinnu rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Winamp láàárín ọdún 2002 sí 2003 nìyẹn. Justin Frankel, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó fi Yunifásítì Utah sílẹ̀ láìparí ẹ̀kọ́, àti Dmitry Boldyrev ló gbé e jáde ní 1997 lábẹ́ orúkọ Nullsoft, nígbà tí MP3 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn kálẹ̀. MP3 ni ọgbọ́n, tí àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì kópa ńlá nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀, tí a fi ń fún fáìlì orin pọ̀ nípa yíyọ àwọn ìró tí etí ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ kúrò, débi pé orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó gba nǹkan bí 40 MB lórí CD lè má gbà ju nǹkan bí 4 MB lọ.

Ẹ̀dà kejì, tó jáde ní 1998, ló sọ orúkọ náà di ńlá. Fèrèsé dúdú kékeré kan ló máa ń ṣí sójú kọ̀ǹpútà, tí nọ́ńbà aláwọ̀ ewé ń ka ìṣẹ́jú orin níbẹ̀, tí àwọn ọ̀pá tín-ín-rín sì ń gòkè sọ̀kalẹ̀ bí ohùn ṣe ń lọ. Lẹ́tà márùn-ún tó tò tẹ̀ léra ní ìsàlẹ̀ kíbọọ̀dù tó láti fi darí rẹ̀: Z fún orin tó ṣáájú, X láti bẹ̀rẹ̀, C láti dá a dúró díẹ̀, V láti pa á, B fún orin tó kàn, débi pé ẹni tó bá ti mọ́ lára kì í wo kíbọọ̀dù mọ́. Ẹni tó bá mọ àwòrán yà lè ṣe skin fún un, ìyẹn ìmúra tí a fi ń pààrọ̀ ìrísí fèrèsé náà. Ẹni tó bá sì mọ kóòdù kọ lè ṣe plug-in, ìyẹn àfikún tó ń fún un ní agbára tí kò ní tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oǹlò fúnra wọn tipa báyìí pọ̀ nínú Winamp, kókó yìí ni kò sì yẹ kí a gbójú fò bí a bá fẹ́ mọ ìdí ìbínú tó dé lẹ́yìn náà.

AOL, iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ará Amẹ́ríkà, ra Nullsoft ní 1999. Nígbà tí Winamp3 jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002, kì í ṣe àtúnṣe sí ẹ̀dà kejì rárá, nítorí pé wọ́n kọ kóòdù rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí Wasabi, ìpìlẹ̀ tuntun tó jẹ́ kí fèrèsé lè gba ìrísí yòówù. Èrò náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun tó jáde wúwo: ó ń jẹ RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ó sì máa ń dákú. Skin àti plug-in ẹ̀dà kejì kò bá a mu. Plug-in SHOUTcast, tí àwọn ènìyàn fi ń gbé rédíò tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí fún un. Kódà, ṣíṣírò àpapọ̀ gígùn àwọn orin inú àtòjọ, ohun kékeré tí ẹ̀dà kejì ń ṣe, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ oǹlò kàn yọ ọ́ kúrò, wọ́n sì padà sí ti àtijọ́. Ó ṣeé ṣe fún wọn nítorí pé ìmúdójú-ìwọ̀n, ìyẹn pípààrọ̀ sọ́fítíwià sí ẹ̀dà tuntun, ṣì wà lọ́wọ́ oníkọ̀ǹpútà nígbà náà. Nullsoft rí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, wọ́n sì gbé ẹ̀dà 2.9 àti 2.91 jáde ní 2003, ìyẹn ni pé wọ́n tún ń tọ́jú ohun tí wọ́n ti fẹ́ rọ́pò. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà ni Winamp 5 dé, tí wọ́n fo nọ́ńbà kẹrin, pẹ̀lú àlàyé pé méjì àti mẹ́ta ni wọ́n rò pọ̀. Ìṣirò náà kì í ṣe àwàdà lásán, nítorí skin tuntun àti ti àtijọ́ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Àwọn kan máa ń ka irú ìkọ̀sílẹ̀ yìí sí ìbẹ̀rù ohun tuntun, ṣùgbọ́n ìtàn yìí tako wọn, nítorí àwọn oǹlò ti kúrò lórí ẹ̀dà kìíní bọ́ sí èkejì wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n sì gba ẹ̀dà karùn-ún. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí a gba ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe kúrò lọ́wọ́ wọn, kí a sì fi ohun tí wọn kò béèrè dípò rẹ̀. Nígbà tí AOL kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 pé òun yóò pa Winamp tì, tí Radionomy, iléeṣẹ́ rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, sì rà á ní 2014, Winamp tó ti wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn ṣì ń gbé orin jáde, nítorí kò nílò àṣẹ iléeṣẹ́ kankan kí ó tó ṣí.