Orúkọ Tí A Ó Fún Iṣẹ́ Kaféènì Lára Awọ

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹni tí yóò fi èdè Yorùbá ròyìn ohun tí àwọn onímọ̀ rí nípa kọfí, tíì àti jẹjẹrẹ awọ wo ilé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti jáde wá dáadáa. Èròjà tí Runge, ọmọ Jámánì, yọ sọ́tọ̀ láti ara kọfí nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣì kéré, tí ó sì wà nínú obì wa pẹ̀lú, ìbá jẹ́ aléorun, nítorí ẹni tí ó bá jẹ obì lóru mọ̀ pé ìpéǹpéjú òun kò ní í pàdé bọ̀rọ̀; ṣùgbọ́n oorun kọ́ ni ó ń lé lára awọ, kaféènì ni mo sì fara mọ́.

Èyí tí ó gba àròjinlẹ̀ ni ti ikú sẹ́ẹ̀lì. Bí ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí bá ba DNA inú sẹ́ẹ̀lì awọ jẹ́, èròjà kan tí à ń pè ní ATR a máa dá sẹ́ẹ̀lì náà dúró kí ó lè tún ara rẹ̀ ṣe. Allan Conney àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Yunifásítì Rutgers, ní Amẹ́ríkà, sì rí i lára eku pé kaféènì a máa dí ATR lọ́wọ́, tí sẹ́ẹ̀lì tí ó ti bàjẹ́ yóò fi kú kí ó tó di jẹjẹrẹ. Kí ni kí a pe irú ikú bẹ́ẹ̀? Ìpara-ẹni ní ìtìjú nínú; ikú lásán kò sì tó, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí iná jó náà ń kú. Ní Ọ̀yọ́ Àtijọ́, bí ìlú bá kọ Aláàfin, Ikú Bàbá Yèyé, Aláṣẹ Èkejì Òrìṣà, igbá ni wọn yóò gbé fún un. Bí ó bá ti ṣí i, ó mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ wàjà kí ìlú lè tòrò. Ìṣígbá sẹ́ẹ̀lì ni èmi yóò pè é.

Àmọ́ inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ewu wà. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2012, lórí ènìyàn 112,897 ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn tí ń mu ju ife kọfí mẹ́ta lọ lóòjọ́ kì í sábà ní jẹjẹrẹ tí ń ti ìdí awọ òkè hù tó àwọn tí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ mu ún. Kọfí tí a ti yọ kaféènì rẹ̀ kò fi irú èyí hàn, bẹ́ẹ̀ ni kò kan méláńómà, oríṣi jẹjẹrẹ awọ tí ó léwu gan-an. Bí a bá wá kọ ọ́ pé kọfí “ń dènà” jẹjẹrẹ awọ, a ti sọ ju ohun tí wọ́n rí lọ, nítorí ẹni tí ó dènà kò jẹ́ kí nǹkan kan kọjá. “Ó ń bá ewu tí ó kéré rìn” ni ó bá òtítọ́ mu.

Àwọn àfín, ẹni òrìṣà, tí oòrùn ilẹ̀ wa ń jẹ awọ wọn níyà ju ti ẹnikẹ́ni lọ, ń ka ohun tí à ń kọ. Ẹ̀yin akọ̀wé ìlera, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ kedere fún wọn pé kí wọ́n má ṣe torí ife kọfí bọ́ àkẹtẹ̀ àti aṣọ alápá gígùn sílẹ̀.