Bí Ilé Ìwòsàn Ṣe Bẹ̀rẹ̀ sí Béèrè Ilé Aláìsàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú." Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará wa, kì í ṣe inú ara nìkan ni àrùn ń gbé, ó ń gbé inú ilé pẹ̀lú. Ìtàn bí àwọn oníṣègùn ṣe mọ òtítọ́ yìí ni mo fẹ́ sọ ní ṣókí.

Ní ọdún 1895, ilé ìwòsàn Royal Free ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù gba obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Mary Stewart sí iṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ènìyàn níbẹ̀, àwọn aláṣẹ sì ń fura pé àwọn tí ó lówó lọ́wọ́ ń fi ara pa mọ́ sáàárín àwọn tálákà. Wọ́n ní kí ó máa wádìí wọn. Bí ó ti ń wádìí ni ó ń rí ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, tí ó sì ń tọ́ka irú wọn sí àwọn aláàánú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí a fi ṣọ́nà ṣe di alágbàwí.

Ní ọdún 1905, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, Dókítà Richard Cabot rí i pé asán ni kí a ní kí oníkọ́ ife sinmi kí ó sì jẹun dáadáa, nígbà tí kò sí oúnjẹ nílé. Ó yan nọ́ọ̀sì kan, Garnet Pelton, láti máa tọ́jú ọ̀ràn ilé àwọn aláìsàn. Ní ọdún 1906, Ida Cannon gba ipò rẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti la ọ̀rọ̀ dókítà yé ẹbí, àti láti sọ ìṣòro ilé fún dókítà.

Nítòsí wa, ní Àrò l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Adeoye Lambo kò fẹ́ ya alárùn ọpọlọ kúrò lọ́dọ̀ ẹbí. Láti ọdún 1954 ni ó ti ń fi wọ́n wọ̀ sí abúlé ẹ̀bá ilé ìwòsàn. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn gbé, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú.

Nítorí náà, nígbà tí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bá bi wá léèrè ní ilé ìwòsàn pé, "Ta ni yóò san owó? Ta ni yóò gbà á sílé?" kí a má ṣe kà á sí òfófó. Apá kan oògùn ni. Òṣìṣẹ́ lè béèrè, ṣùgbọ́n àwa ẹbí ni ìdáhùn. Ènìyàn ni aṣọ ènìyàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ará ilé wa wà ní ìhòòhò lórí ibùsùn àìsàn.