Ọ̀sẹ̀ Ọlọ́jọ́ Mẹ́rin àti Iṣẹ́ Ilé

Bí a bá bi ọmọ iléèwé kan lónìí pé ọjọ́ mélòó ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀, méje ni yóò wí kí ẹni tí ó bi í tó pa ẹnu dé. Bí a bá bi ìyá àgbà tí ó ń ná ọjà oko ní ìbéèrè kan náà, ó lè kọ́kọ́ fẹ́ mọ ọ̀sẹ̀ tí à ń wí, bóyá ti ọjà ni tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìbéèrè rẹ̀ tọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a ń kà ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí àwọn baba wa sì fi ṣètò ilé wọn ni ọlọ́jọ́ mẹ́rin.

Ọjọ́ Ọbàtálá, Ọjọ́ Awo tí í ṣe ti Ọ̀rúnmìlà, Ọjọ́ Ògún, àti Ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà nìyẹn. Bí ọjọ́ bá kan òrìṣà kan, àwọn tirẹ̀ a tún ojúbọ ṣe, wọn a pọn omi tuntun, wọn a sì bọ ọ́. Ẹni tí kò sin òrìṣà ọjọ́ náà lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ti ọjà kan gbogbo ilé. Bí a bá ná ọjà lónìí, àwọn baba wa a ka òní mọ́ ọn, wọn a ní ó di ọrún kí a tó tún ná an, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó bá fi kàlẹ́ńdà ṣírò yóò rí ọjọ́ mẹ́rin péré. Bákan náà ni ìsán jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, ìtàlá jẹ́ mẹ́ta, ìtàdógún sì jẹ́ mẹ́rin.

Èéṣe tí ó fi jẹ́ mẹ́rin? Àwọn àgbà ní ìtàn òrìṣà tí wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀, n kò sì ní bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wọ ilé ìdáná lọ.

Ẹ wo obìnrin tí ń ta ẹ̀kọ. Ó ra àgbàdo ní ọjà lónìí, ó délé, ó rẹ ẹ́ sínú omi ní ìrọ̀lẹ́. Àgbàdo náà wà nínú omi lọ́la, ó wà níbẹ̀ ní ọ̀túnla títí di àṣálẹ́, kí ó tó rọ̀ tí yóò ṣeé lọ̀. Ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó dá ìyẹ̀fun àgbàdo náà dúró sínú ìkòkò kí ó silẹ̀ kí ó sì kan. Ọjọ́ kẹrin ni ògì fi ń kan. Nígbà tí àkùkọ bá kọ ní ọjọ́ karùn-ún, obìnrin yìí ti wà nídìí iná, ó ń ro ẹ̀kọ, àwọn ọmọbìnrin ilé ń nu ewé eéran sí i lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọjà. Onírú náà kò yàtọ̀. Alẹ́ ọjọ́ ọjà ni ó gbé igbá kaná, kò sì sọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ní ọjọ́ kejì ó bó o, ó fọ̀ ọ́, ó tún sè é, ó fi ewé dì í, ó bò ó mọ́lẹ̀ kí ó móoru. Nígbà tí ó bá fi di ọjọ́ karùn-ún, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé ọjà ṣáájú olówó rẹ̀. Gàrí, tí kò tilẹ̀ pẹ́ tó ògì àti irú nílẹ̀ wa, bọ́ sínú ètò kan náà: a rin ín, a dì í sínú àpò, a gbé òkúta lé e fún bí ọjọ́ mẹ́ta, a yan án, ọjà kò.

Èrò tèmi ni pé ọwọ́ àwọn obìnrin yìí wà nínú bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé. Ìkòkò wọn àti ọjà wọn ń bá ara wọn rìn. Owó èésú pàápàá, ọrọọrún ni ọ̀pọ̀ ń dá a, nítorí pé ọjọ́ ọjà ni owó ń wọlé.

Àwọn ọkùnrin ní tiwọn. Amọ̀ tí a fi ẹsẹ̀ pò ni a fi ń mọ ilé, a kì í sì í mọ ọ́n tán lọ́jọ́ kan. Ìpele kan ni a óò mọ, a ó fi í sílẹ̀ fún oòrùn kí ó lè ru èkejì. Bí ó bá ń gbẹ lọ́wọ́, onílé a gba oko lọ. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ ju agbára ilé lọ, a bẹ ọ̀wẹ̀, tàbí kí àwọn ẹgbẹ́ máa ṣe é fún ara wọn ní àáró. A fi koríko bẹẹrẹ bo òrùlé rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń wí pé ọkùnrin ni ó kọ́lé, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin ni ó pọn omi amọ̀, àwọn ni ó se oúnjẹ ọ̀wẹ̀, àwọn ni ó sì fi ẹlẹ́bọ́tọ pa ilẹ̀ rẹ̀ tí ó fi dán. Nígbà tí oòrùn bá mú, baba a jókòó sábẹ́ igi nídìí ọpọ́n ayò, ihò 12, ọmọ ayò 48, a máa pe ẹni tí ó bá jẹ ní ọ̀ta, a sì máa fi ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ṣe ẹlẹ́yà ní òpè. Ti àwọn ọmọdé di alẹ́, nígbà tí a bá ń pàlọ́.

Àwọn Mùsùlùmí ni ó kọ́kọ́ mú ọjọ́ méje wọlé, pẹ̀lú Àtìní, Àtàláátà, Àlàrùbá àti Jímọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ kò pa ọjà. Bí a bá ti kírun tán, a lè padà sídìí ọjà ẹni. Ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nígbà tí Townsend àti Crowther fi Abẹ́òkúta ṣe ibùgbé ní 1846. Ìjọ wọn ní kí onígbàgbọ́ má tà, kí ó má rà, ní ọjọ́ Àìkú. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nínú ọjọ́ 28, ọjà ọrún méje ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn yóò sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú dandan. Obìnrin tí ó bá gbàgbọ́ yóò pàdánù ọjà kan nínú méje, kì í sì í ṣe èrè nìkan ni yóò lọ. Ògì rẹ̀ kò mọ ọjọ́ ìsinmi, kíkan ni yóò máa kan sí i nínú ìkòkò. Àwọn tí ó ń sọ pé ọ̀fẹ́ ni àwọn ìyá wa gba ẹ̀sìn tuntun kò tíì ka owó yìí.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ọba dé. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, aago àti ọjọ́ méje ni ó sì ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ ilé jù ni iléèwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1955. Àwọn ọmọ tí ń pọn omi, tí ń ṣa ewé, tí ń lọ àgbàdo, kò sí nílé mọ́ láti Ajé títí di Ẹtì. Iṣẹ́ wọn kó jọ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta: aṣọ iléèwé ni a ó fọ̀, ilé ni a ó gbá, igi ni a ó ṣẹ́.

Ìsọmọlórúkọ pàápàá fi ìyípadà yìí hàn. Ní àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń kó ọmọkùnrin jáde, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. Ọmọkùnrin tí a bí ní ọjọ́ ọjà, ọjọ́ ọjà ni a ó sọ ọ́ lórúkọ, ìsán rẹ̀ pé. Lóde òní ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ń lò fún gbogbo wọn. Ọmọ tí a bí ní Ajé, Ajé kejì ni a ó sọ ọ́ lórúkọ.

Síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ àwọn baba wa kò tíì kú. Ọ̀pọ̀ ọjà ìletò ni a ṣì ń ná lọ́rọọrún, ọjà aṣọ òfì sì wà ní Ìbàdàn tí ìtàdógún ni àwọn ahunṣọ fi ń kà á. Ní ibi tí ọrún bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ẹ ó rí àwọn ìyá tí wọ́n gba ìsìn òwúrọ̀, tí wọ́n tú gèlè ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n fi wé òṣùká, tí wọ́n gbé ẹrù rù, tí wọ́n sì gba ọ̀nà ọjà lọ.