Ọba tó jẹ́wọ́ fún àlejò: Ashoka, Kalinga àti ọ̀rọ̀ àlàáfíà

Ọ̀pọ̀ ọba ayé àtijọ́ ló fẹ́ràn láti máa ka iye ènìyàn tí wọ́n pa. Wọ́n á ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta kí ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ lè mọ̀ pé akin ni àwọn. Ọba Ashoka ti ilẹ̀ Íńdíà náà ka tirẹ̀, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára àpáta: ènìyàn 150,000 ni wọ́n kó kúrò nílé wọn, 100,000 ni wọ́n pa, iye àwọn tó sì kú lẹ́yìn náà tún ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí àtiyangàn ló ṣe kà á. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ń dun òun.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn yìí kò gùn rárá. Ọba kan jagun, ó rí ẹ̀jẹ̀, àánú ṣe é, ó di ọmọlẹ́yìn Búdà, àlàáfíà sì dé. Àwa náà gbà á bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí a wá jókòó ti ìtàn náà dáadáa la rí i pé ibi tí wọ́n gbẹ́ ìjẹ́wọ́ yẹn sí, àti ibi tí wọn kò gbẹ́ ẹ sí, ni ọ̀rọ̀ wà.

Ashoka jẹ́ ọmọ ọmọ Chandragupta, ẹni tó dá ìjọba Maurya sílẹ̀. Pataliputra, tí à ń pè ní Patna lónìí, ni olú ìlú wọn. Kalinga wà ní etí òkun ìlà-oòrùn Íńdíà, ní àgbègbè tí ìpínlẹ̀ Odisha wà báyìí. Ní ọdún kẹjọ lẹ́yìn tí Ashoka gorí oyè, ní nǹkan bí ọdún 260 ṣáájú ìbí Jésù, ó kó ogun lọ bá Kalinga, ó sì gbà á. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan nípa ogun náà láti ọwọ́ àwọn ará Kalinga fúnra wọn. Ẹnu ẹni tó ṣẹ́gun nìkan la ti gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Ìkéde Kẹtàlá ni àwọn onímọ̀ ń pe ọ̀rọ̀ tó wà nípa ogun náà. Àwọn òkú nìkan kọ́ ni ọba kà níbẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn wà ní Kalinga tó ń bọ̀wọ̀ fún òbí, fún àgbà àti olùkọ́, tí wọ́n ń ṣe dáadáa sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí, àti sí ẹrú àti ìránṣẹ́ pàápàá, ogun sì dé bá irú wọn. Àwọn mìíràn wà tí ọfà kan kò bà, tí ilé wọn kò jó, síbẹ̀ ìyà jẹ wọ́n nítorí pé ẹni tí wọ́n fẹ́ràn wà nínú àwọn tó kú tàbí tí wọ́n kó lọ. Ọba ka ìyẹn náà mọ́ gbèsè ọrùn rẹ̀. Ó tún ní bí ó bá jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, tàbí nínú ẹgbẹ̀rún, àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ni irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀ sí, yóò ka òun lára.

Ibí ni ẹ̀kọ́ Búdà ti hàn jùlọ lójú tiwa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò rí orúkọ Búdà níbẹ̀. Búdà kọ́ni pé ìyà ní orísun, pé kò sì sí ohun kan láyé tó dá dúró fúnra rẹ̀. Bí o bá fa okùn kan, òmíràn á mì. Ẹni tó bá gba èyí gbọ́ kò lè ka òkú ogun tán, torí ibi tí ìbànújẹ́ náà máa dúró sí kò yé ẹnì kankan.

Ìran ń lọ, ìran ń bọ̀, títí ọ̀nà ìkọ̀wé náà fi di ohun ìgbàgbé. Àpáta ń bẹ níta, àwọn ènìyàn ń kọjá, kò sí ẹni tó lè kà á. Ní 1837 ni James Prinsep, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ owó ní Calcutta, tú àṣírí ìkọ̀wé Brahmi. Orúkọ oyè ni ọba fi ń pe ara rẹ̀ níbi púpọ̀, Piyadasi, nítorí náà ó di 1915, tí wọ́n rí òmíràn ní Maski, kí orúkọ Ashoka fúnra rẹ̀ tó jáde lára òkúta. Ẹ wá wo èyí o: ìwé Mahavamsa ti Sri Lanka, tó ròyìn ọba yìí gan-an, kò mẹ́nu ba ogun Kalinga. Ọmọdé mọ́ńkì kan, Nigrodha, ni ìwé náà ní ó yí i lọ́kàn padà. Ká ní àpáta kò sọ̀rọ̀ ni, à bá má mọ̀ nípa àbámọ̀ rẹ̀.

Ní Kandahar, ní Afghanistan òde òní, àwọn Gíríìkì ń gbé níbẹ̀ láti ìgbà Alexander. Chandragupta ló gba àgbègbè yẹn lọ́wọ́ Seleucus, ó sì fún un ní erin 500. Ní 1958 ni wọ́n rí àpáta kan níbẹ̀ tí Ashoka fi bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè Gíríìkì àti Árámáíkì. Ní 1963, wọ́n tún rí òkúta kejì, Gíríìkì nìkan ló wà lára rẹ̀: ìparí Ìkéde Kejìlá àti ìbẹ̀rẹ̀ Ìkéde Kẹtàlá, pẹ̀lú iye àwọn tí wọ́n pa àti àwọn tí wọ́n kó lọ.

Iṣẹ́ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ yìí wú wa lórí. Dhamma ni ọ̀rọ̀ tí Ashoka ń lò káàkiri. Ògbufọ̀ náà kò gbé e wọ inú Gíríìkì bẹ́ẹ̀. Ó lo eusebeia, ọ̀rọ̀ tí àwọn Gíríìkì ń lò fún ìbọ̀wọ̀ fún àwọn òrìṣà wọn. Fún àwọn ìjọ ẹlẹ́sìn ilẹ̀ Íńdíà, ó lo orúkọ tí wọ́n ń pe ilé ẹ̀kọ́ àwọn onímọ̀ ọgbọ́n orí. Lójú Gíríìkì tó bá ń kà á, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilé ni. A gbìyànjú láti túmọ̀ dhamma sí Yorùbá láàárín ara wa. Ẹnì kan ní òfin, òmíràn ní ẹ̀sìn, púpọ̀ nínú wa fara mọ́ ìwà, kí ẹnì kan tó rán wa létí pé ìwà ti gbé ẹrù tirẹ̀ nínú Ifá, kò ṣe é yá lò bí agboòrùn. A kò tíì parí ẹjọ́ náà.

Ìkéde Kejìlá yẹn gan-an, ọ̀rọ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ló dá lé. Ọba ní kí ènìyàn kó ahọ́n rẹ̀ níjàánu. Ẹni tó bá ń yin ẹ̀sìn tirẹ̀ tó sì ń bú ti ẹlòmíràn, tirẹ̀ gan-an ló ń bàjẹ́. Kí kálukú máa gbọ́ ẹ̀kọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kọ́: òun tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Búdà fi ihò àpáta ní Barabar ta àwọn Ajivika lọ́rẹ, àwọn tí ẹ̀kọ́ wọn kò bá ti Búdà mu rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Kalinga wàyí. Àpáta ìkéde méjì ló wà nílẹ̀ náà, ọ̀kan ní Dhauli nítòsí Bhubaneswar, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ erin kan tí orí àti ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ yọ jáde láti inú òkúta, èkejì ní Jaugada. Àwọn ìkéde yòókù wà lára wọn. Ìkọkànlá, Ìkejìlá àti Ìkẹtàlá kò sí níbẹ̀. Gíríìkì ní Kandahar lè ka iye òkú Kalinga; ará Kalinga kò lè rí i kà ní ilẹ̀ rẹ̀.

Ìkéde méjì mìíràn ni wọ́n fi dípò wọn. Àwọn ìjòyè ni ọba ń bá wí nínú ọ̀kan: gbogbo ènìyàn ni ọmọ òun, nítorí náà kí wọ́n má ṣe ti ẹnikẹ́ni mọ́lé tàbí fìyà jẹ ẹ́ láìnídìí, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ìbínú, ìkánjú tàbí ọ̀lẹ bà wọ́n níṣẹ́ jẹ́. Èkejì ni wọ́n fi ránṣẹ́ nípa àwọn ará ààlà tí ọba kò tíì ṣẹ́gun: kí ọkàn wọn balẹ̀, kì í ṣe ìbànújẹ́ ni òun máa fún wọn.

Ẹnu wa kò kò níbí. Àwọn kan nínú wa ní ìtìjú ni, pé ó rọrùn láti jẹ́wọ́ fún àlejò ju ẹni tí a ṣẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní rárá, ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kí ni ìyá tó sin ọmọ fẹ́ fi iye òkú ṣe? Ohun tó ń wá ni kí ìjòyè má wá gbé èyí tó kù. Ẹnì kan tún mú Sannati wá, ní Karnataka, níbi tí wọ́n ti rí ìkéde méjì yìí kan náà ní 1989, tó sì jìnnà sí Kalinga; nítorí náà a kò lè sọ pé torí Kalinga nìkan ni wọ́n ṣe kọ wọ́n.

Ìdáhùn tiwa kò dùn tó bí a ṣe fẹ́. A gbà pé ìkéde Dhauli wúlò fún ará ìlú ju ẹkún ọba lọ. Ṣùgbọ́n a kò gbà pé àánú nìkan ló fa ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ashoka kò dá Kalinga padà. Nínú ìjẹ́wọ́ kan náà, ó kìlọ̀ fún àwọn ará igbó pé bí àbámọ̀ tilẹ̀ ń ṣe òun, agbára ṣì wà lọ́wọ́ òun. Kò fòpin sí ìdájọ́ ikú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kún un fún ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Ní ilé ìdáná rẹ̀ pàápàá, ó jẹ́wọ́ pé àwọn ṣì ń pa ọ̀kín méjì àti àgbọ̀nrín kan, ṣùgbọ́n pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ti àgbọ̀nrín. A rẹ́rìn-ín, a sì fẹ́ràn rẹ̀ sí i nítorí pé kò purọ́.

Èyí tí a kò lè rẹ́rìn-ín sí ni ti àwọn 150,000 yẹn. Ẹni tó ti kú ti kú, ṣùgbọ́n wọ́n kó àwọn wọ̀nyí láàyè ni, ọba sì mọ iye wọn. Nínú gbogbo àpáta àti òpó òkúta Ashoka tí wọ́n ti rí títí di òní, kò sí ọ̀kan tó sọ pé kí wọ́n máa padà lọ sílé.