Owó Bébà Àtijọ́ ti Ilẹ̀ Pólándì: Kíkà Ṣáájú Kíkójọ



Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni mò ń ṣe. N kò ṣe iṣẹ́ báǹkì rí. Ohun tí ó fà mí sídìí owó bébà àtijọ́ ti ilẹ̀ Pólándì ni pé ìwé ni owó bébà jẹ́: ó ní ẹni tí ó kọ ọ́, ó ní ọjọ́ tí a kọ ọ́, ó sì ń ṣe ìlérí fún ẹni tí ó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò mi lónìí ni pé ẹni tí yóò kó irú owó bẹ́ẹ̀ jọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà, bí a ti ń ka ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́.

Ní 1794 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún náà, Tadeusz Kościuszko kó àwọn ará Pólándì jọ láti bá Rọ́ṣíà àti Prọ́ṣíà jà. Owó fàdákà kò tó ná sí ogun. Nítorí náà ni ìjọba wọn fi tẹ owó bébà, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Złoty ni orúkọ owó wọn. Ọjọ́ 8 oṣù kẹfà 1794 ni a kọ sára àwọn tí iye wọn ti złoty 5 dé złoty 1,000, ọwọ́ ni a sì fi kọ nọ́ńbà sí wọn. Kí ọdún tó yí po, ogun náà ti tú. Ní 1795, Rọ́ṣíà, Prọ́ṣíà àti Ọ́stríà pín ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́; kò sì sí Pólándì olómìnira mọ́ títí di 1918. Ẹni tí ó gba bébà náà fún ọkà tàbí ẹṣin rẹ̀ wá di olówó tí kò rí ajigbèsè rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rí kejì wá láti ìgbà tí òmìnira dé. Marka ni Pólándì ń ná nígbà náà, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ń wálẹ̀ lójoojúmọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi tẹ bébà marka 10,000,000 ní 1923. Ní 1924, Władysław Grabski, olórí ìjọba wọn, dá złoty padà: marka 1,800,000 di złoty 1. Grosz 100 ni ó wà nínú złoty kan, ṣùgbọ́n owó wẹ́wẹ́ onírin kò tíì tó. Ni wọ́n bá gé bébà marka sí méjì, wọ́n sì tẹ iye tuntun lé e lórí. Ìdajì bébà 500,000 di grosz 1; ìdajì bébà 10,000,000 di grosz 5, èyí tí kò ju marka 90,000 lọ.

Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnì kan tí ń ta ìwé àtijọ́ fi irú ìdajì bẹ́ẹ̀ hàn mí. Mo wò ó, mo ní n kò ra ohun tí ó ti ya. Ìgbà tí mo kàwé dé ibi ìtàn Grabski ni mo tó mọ̀ pé odindi ni ohun tí mo pè ní àjákù. Mo padà lọ; ẹlòmíràn ti rà á. Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi ni àlejò náà.

Ẹ̀rí kẹta ni ó bá iṣẹ́ mi mu jù. Ní 1944, bí ọmọ ogun Soviet ti ń lé àwọn ará Jámánì kúrò ní Pólándì, Mọ́sko ni a ti tẹ owó tuntun fún ilẹ̀ náà. Orúkọ Báǹkì Orílẹ̀-èdè Pólándì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni oṣù kìíní 1945 ni a tó dá báǹkì náà sílẹ̀. Àṣìṣe sì wà nínú gbólóhùn tí ó sọ pé dandan ni gbígba owó náà: wọ́n kọ obowiązkowym níbi tí ó yẹ kí wọ́n kọ obowiązkowe. Gírámà èdè Rọ́ṣíà ni ó hàn ní ìparí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tún un ṣe nínú àwọn tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ tí ó ń pàṣẹ gan-an ni ó tú àṣírí ẹni tí ó ń pàṣẹ.

Àṣìṣe mìíràn wà lára bébà złoty 2,000,000 ti 1992, èyí tí àwòrán Ignacy Paderewski wà lára rẹ̀: lẹ́tà n kan sọnù, konstytucyjny di konstytucyjy. Ojú ẹnì kan ni ó fo lẹ́tà. Kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ẹni tí ó ni àṣẹ. Ọjà lè sọ méjèèjì di ọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà wọ́n ni yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn olùkójọ nìyí. Ẹ má fọ bébà àtijọ́, ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kí ó lè dà bí tuntun. Ibi tí a ti ká a, ìdọ̀tí ọwọ́ tí ó wà létí rẹ̀, ibi tí a ti gé e, gbogbo wọn ni ẹ̀rí pé àwọn ènìyàn gbà á, wọ́n sì gbà á gbọ́. Bí a bá fọ ẹ̀rí yẹn dànù, kò sí ohun tí yóò kù fún ọmọ wa láti kà.